Ọdẹ́jìnmí Kó Àwo La Òkun Kọjá

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ fi ìdí mọ́lẹ̀ lórí gbòǹgbò igi yìí. Oòrùn kò tíì rọ̀, kò sí ẹni tí ó lè purọ́ pé ilẹ̀ ti ṣú òun. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe, kí ó wú u tán nísinsìnyí, nítorí ibì kan ń bẹ nínú ìtàn yìí tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ti wúkọ́. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀, ọdẹ ni mí. Èmi àti ẹfọ̀n ti wo ojú ara wa rí títí tí ẹfọ̀n fi kọ́kọ́ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn tèmi ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìtàn ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́jìnmí ọmọ Ògúnṣakin, ẹni tí ó kọ́ mi ní ọdẹ, tí ó sì kọ́ mi ní irọ́ pípa pẹ̀lú. Èyí tí mo mọ̀ jù nínú méjèèjì, ẹ̀yin ni ẹ ó sọ.

Ní ìlú Òkè-Amọ̀ tí ọ̀gá mi ń gbé, àwọn obìnrin ibẹ̀ ni wọ́n ń fi amọ̀ mọ àwo. Ìbídùn, ìyàwó rẹ̀, ni olórí wọn. Àwo tí obìnrin yìí bá mọ, bí o bá fi èékánná ta á, yóò dún gan-in bí agogo. Ó fẹ́lẹ́ débi pé bí o bá gbé e sójú oòrùn, o ó rí òjìji ìka rẹ ní òdìkejì. Òkìkí àwo náà kọjá odò, ó kọjá ọ̀sà, ó la òkun já, ó dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìkángun-Omi. Àwọn ará ibẹ̀ ránṣẹ́ pé kí a kó àwo wá fún àwọn. Wọ́n kó o ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kínní, àfọ́kù ló dé ọ̀hún. Wọ́n kó o lẹ́ẹ̀kejì, àfọ́kù ni. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn ará Ìkángun-Omi kó àfọ́kù náà padà sínú àpótí rẹ̀, wọ́n dá a padà, wọ́n sì fi orin ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀:

“Ará Òkè-Amọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o,
A ní kí ẹ kó àwo wá, ẹ kó eyín wá;
Eyín tiwa ṣì pé lẹ́nu,
Ẹ gba tiyín padà.”

Wọ́n fi kún un pé àwọn yóò gba òjìlénígba àwo lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí àfọ́kù bá tún dé, kí Òkè-Amọ̀ gbàgbé ọ̀nà òkun pátápátá.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ àwọn obìnrin náà lára. Àwọn kan nínú wọn ti fi amọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń bá ọkọ wọn lọ sóko. Ìbídùn tí í máa kọrin bí ó bá ń po amọ̀, kò kọrin mọ́. Ó kàn ń pò ó bí ẹni tí ó ń bá a jà. Nígbà tí wọ́n mọ òjìlénígba tán, tí wọ́n sun ún, tí ó jinná, wọ́n pe ìpàdé ní ẹbu tí wọ́n ti ń sun ìkòkò, wọ́n bèèrè ẹni tí yóò tẹ̀lé ẹrù náà dé ọ̀hún, nítorí pé ẹrù tí kò ní olùtẹ̀lé, ẹni tó bá rí i ni í gbá a nípàá. Àwọn ọkùnrin ìlú wolẹ̀. Ẹnìkan ń ka èèrà.

Ni ọ̀gá mi bá dìde. Ó wọ ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, èyí tí ó rán ìrù ẹkùn mọ́ lẹ́yìn, tí kì í bọ́ àfi bí ó bá fẹ́ wẹ̀. Kì í sì í wẹ̀ púpọ̀.

Ó ní, “Èmi ni n ó bá a lọ. Èmi tí mo gbé ọmọ ẹkùn kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀, tí ìyá kò sì ta pútú.”

Ìbídùn wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Baba Mosún,” ni ó pè é, nítorí Mosún ni orúkọ àkọ́bí wọn, “ẹ̀yin tí ẹ ti ilẹ̀kùn lánàá tí ògiri fi dáhùn? Ẹ̀yin tí ẹ bá fi ọwọ́ pa ẹ̀fọn lára odi, odi ni í kú?”

Gbogbo ẹbu bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọ̀gá mi ti sọ tirẹ̀ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Nígbà tí wọ́n délé, Ìbídùn jókòó tì í.

“Mo fi yín ṣeré lójú àwọn ènìyàn, ẹ má bínú,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Bí ó bá tún fọ́, n ó pa iná ẹbu. N kò ní mọ àwo mọ́ láyé.”

Ọ̀gá mi wo ojú rẹ̀ bóyá ó ṣì ń ṣeré. Kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti fẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ni kò rí irọ́ tí ó lè pa.

Ìbídùn bá kọ́ ọ ní àṣírí iṣẹ́. “Kì í ṣe ilẹ̀ tó le ni ó ń fọ́ àwo. Àyè tó wà láàrin àwo kan àti èkejì ni ó ń pa á. Ẹ má fi àyè sílẹ̀ fún un kí ó rìn. Koríko ni a fi ń dì í tẹ́lẹ̀. Koríko kò dára tó. Òwú àràbà la nílò, igbó Fùkẹ̀fùkẹ̀ nìkan ni ó sì wà.”

Ẹ ń wo ara yín? Ẹ ti gbọ́ orúkọ igbó náà rí nìyẹn. Igbó iwin ni. Àràbà inú rẹ̀ ga débi pé ẹyẹ tó bá yé sórí rẹ̀, ọmọ ti ń fò kí ẹyin tó jábọ́ dé ilẹ̀. Òwú ń já bọ́ láti òkè bí ìrì, ilẹ̀ rọ̀ bí ikùn ológbò, ẹni tó bá ń rìn níbẹ̀ kì í gbọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀gá mi dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ pẹ̀lú àpò méjìlá, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó fẹ́ máa kó òwú, ni nǹkan kan bá ké láti orí ẹ̀ka.

Iwin kan ni, kò ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹnu mẹ́ta ni ó ní lójú kan. Orúkọ rẹ̀ ni Ẹnu-Ò-Sinmi.

Ẹnu àkọ́kọ́ ní, “Ọdẹ, dúró! Ẹni tí kò bá já àlọ́ mi, òwú ni n ó sọ ọ́ dà. Kí ni ó ń fọ́ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, tí ẹnìkankan kò rí àfọ́kù rẹ̀ gbá?”

“Má tíì dáhùn!” ni ẹnu kejì gbà á. “A kò tíì sọ bí àlọ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá bàbá wa ni ó dá a, ní ọjọ́ tí ó jẹ iṣu sísun…”

“Iṣu sísè ni,” ni ẹnu kẹta wí. “Purọ́ purọ́ ni ọ́. Kí n sọ ọ́ fún un bó ṣe rí gan-an.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Èyí ń sọ, èyí ń já a nírọ́, ìkẹta ń bú àwọn méjèèjì. Ọ̀gá mi jókòó sórí òwú, ó ń ronú. Ṣé àwo ni? Àwo ní àfọ́kù. Ṣé ẹyin ni? Ẹyin ní èèpo. Ṣé ojú ọjọ́ ni? Oòrùn kúrò lápá òsì, ó dé àárín orí, àwọn ẹnu mẹ́ta kò sì tíì dé ibi tí bàbá bàbá wọn ti bó iṣu náà. Etí ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìpàkọ́ rẹ̀ ń lù. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú, ó kígbe:

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ dákẹ́! Orí ń fọ́ mi!”

Ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta là kalẹ̀.

“Orí!” ni ẹnu àkọ́kọ́ wí. “Ó já a!”

“Ta ni ó sọ fún un?” ni ẹnu kejì bèèrè.

Ọ̀gá mi, tí kì í jẹ́ kí oríire ṣubú lulẹ̀ lásán, wú ikọ́ díẹ̀, ó tún ìrù ẹkùn rẹ̀ ṣe. Ó ní, “Láti òwúrọ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀wọ̀ yín ni kò jẹ́ kí n já a kíákíá.” Bí ó ṣe kó òwú kún àpò méjìlá nìyẹn, tí ó jáde, orí sì ń fọ́ ọ títí ó fi délé.

Àwọn obìnrin fi òwú wé àwo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n dì wọ́n sí àpótí méjìlá, ogún ogún. Wọn kò fi àyè tí èèrà lè gbà kọjá sílẹ̀. Ó kù kí a kọ ìkìlọ̀ sára àpótí. Ọ̀gá mi gba èédú, ó ní òun ni òun yóò kọ ọ́, nítorí ó lọ sílé ìwé fún ọdún kan àtààbọ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà gadagba: O LE FO.

Ìbídùn tẹjú mọ́ ọn. “Baba Mosún, àmì rẹ̀ ńkọ́?”

“Àmì kí ni? Ẹni tó bá gbọ́n yóò mọ̀ ọ́n kà.”

Ẹ jẹ́ kí n má fi ìrìn odò da yín láàmú. Ọ̀gá mi àti ẹrù rẹ̀ dé èbúté òkun, ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Jù-ú-Sí-Mi. Ìlú yẹn! Kò sí ẹni tí í fi ọwọ́ fún ẹnìkejì ní nǹkan níbẹ̀. Jíjù ni wọ́n ń ju gbogbo nǹkan. Ìyá ọlọ́mọ yóò ju ọmọ sí ìyá àgbà, ìyá àgbà yóò hán an, ọmọ yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń ta ẹ̀kọ yóò jù ú sí ọ lẹ́nu tààrà. Bí ẹnu rẹ bá pa dé, ọwọ́ ara rẹ ni. Àwọn wọ̀nyí ni alábàárù tí ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òkun. Apá-Ò-Sùn ni olórí wọn, ọkùnrin tí apá rẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ nítorí ẹrù jíjù.

“Ohun tí a bá kọ sára ẹrù ni à ń ṣe fún ẹrù,” ni ó wí fún ọ̀gá mi. “A kì í bá ìwé jiyàn níbí.”

Inú ọ̀gá mi dùn. Apá-Ò-Sùn tẹ ojú mọ́ àpótí àkọ́kọ́, ó ń fi ẹnu kọ lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. “Ó… lè… fò. Ó lè fò! Ẹ̀yin ará, ẹ wá wo ẹrù tó lè fò o!”

Kí ọ̀gá mi tó la ẹnu, àpótí ti kúrò nílẹ̀. Apá-Ò-Sùn jù ú láti ẹsẹ̀ èbúté sí orí ọkọ̀, àwọn tó wà lókè sì ká ọwọ́ gbera, wọ́n ń wò ó, nítorí ẹrù tó lè fò kò nílò ẹni tí yóò hán an. Àpótí náà balẹ̀: gbàràgàdà! Ohùn kan sì tẹ̀lé e láti inú rẹ̀, kékeré, ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ohùn yẹn wọ inú ọ̀gá mi lọ bí ọfà.

“Ẹ dúró!” Ó fò mọ́ àpótí kejì, ó dì mọ́ ọn. “Ó lè fọ́ ni mo kọ! Ó lè fọ́!”

“Níbo?” ni Apá-Ò-Sùn bi í, tìyanu-tìyanu. “Fi hàn mí. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ o yìí. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ṣé èmi ni n ó fi í síbẹ̀?”

Ọ̀gá mi wo ohun tí ó kọ. Ó wò ó títí. Nígbà tí ó yá, ó gba èédú, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí orí, ó ń fi sí ìsàlẹ̀, láti àpótí dé àpótí. Bí ó ti parí, Apá-Ò-Sùn tún un kà, ojú rẹ̀ yí padà. “Háà! Ó lè fọ́!” ni ó ké sí àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àpótí bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ gbígbóná tó kún dé ẹnu, wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn.

Ọ̀gá mi ṣí àpótí tí ó fò. Òwú àràbà ti gbìyànjú. Nínú ogún àwo, mẹ́tàlá ṣì wà ní pípé. Méje ti fọ́. Bí ó sì ti ń tú wọn wò, afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ wá, ó gbé òwú lọ, funfun báláú lójú omi.

Apá-Ò-Sùn jókòó tì í, àánú ṣe é. “Da méje yẹn sómi, ọ̀rẹ́ mi. Sọ pé igba ó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fún ọ. Ta ni ó mọ̀?”

Ìmọ̀ràn náà dùn létí. Ọ̀gá mi na ọwọ́ tó mú àfọ́kù jáde sórí omi. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn àfọ́kù kan, níbi tí àtàǹpàkò Ìbídùn ti tẹ amọ̀ nígbà tí ó tutù. Ilà ìka rẹ̀ hàn gedegbe nínú rẹ̀. Ó fa ọwọ́ padà. Ó wá àkísà, ó di méjèèje papọ̀, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Omíyalé ni ó ni ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀, obìnrin etí òkun kan tí ń fi ojú kan wo omi, tí ń fi ìkejì wo ènìyàn. Ó bi ọ̀gá mi pé, “Ṣé ẹ ti wọ ọkọ̀ òkun rí?”

“Èmi?” ni ọ̀gá mi wí. “Mo ti gun erinmi rí, láti orísun odò dé ẹnu rẹ̀, mo sì ń jẹ gúgúrú lọ lórí rẹ̀.”

Kò pẹ́ tí èbúté fi parẹ́ lẹ́yìn wọn, ọ̀gá mi ti so mọ́ etí ọkọ̀ bí aṣọ tí a sá, ó ń bì. Omíyalé wá dúró tì í, ó gbé omi fún un.

“Baba ọdẹ,” ni ó wí, “erinmi yẹn, ṣé ó máa ń jó báyìí?”

Ní ọjọ́ kẹta, ní ọ̀sán gangan, omi dákẹ́ lójijì. Omíyalé sọ ohùn kalẹ̀. “Ó ń bọ̀,” ni ó wí. Òkun là, obìnrin kan gbé orí sókè nínú rẹ̀. Irun rẹ̀ jẹ́ koríko omi, etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ìgbòkun. Elétí-Òkun ni, ẹni tí ó ń gbọ́ ìgbà tí ẹja bá ṣẹ́jú.

“Omíyalé, kí ni ó ń sunkún nínú ikùn ọkọ̀ rẹ?”

Gbogbo wọn fetí sílẹ̀. Lóòótọ́, ohùn kan ń bẹ nísàlẹ̀: wín-ín, wín-ín, wín-ín.

“Àwo ni, ìyá mi,” ni Omíyalé wí.

“Ohun yòówù tí ó bá sunkún lójú omi, tèmi ni. N ó ka ọgọ́rùn-ún ìgbì. Tí n bá tún gbọ́ ohùn rẹ̀ kí n tó kà á tán, n ó wá mú un, àti èyí tó ń sunkún àti èyí tí kò sunkún.” Ó fi omi bo ọrùn, ó ku etí nìkan lókè. “Ọ̀kan.”

Ọ̀gá mi ti bọ́ sísàlẹ̀. Ó mọ àpótí tí ó jẹ́: èyí tí afẹ́fẹ́ gbé òwú inú rẹ̀ lọ. Àwo ń fi ara kan àwo nínú rẹ̀. Àyè! Àyè tí Ìbídùn kìlọ̀ fún un nìyí. Ó bọ́ fìlà, ó ki í bọ̀ ọ́. Kò tó. Ó wò yíká. Pákó àti iyọ̀ nìkan ni. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó wá ku ẹ̀wù ọdẹ. Ó fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀. Ẹ̀wù tí ó ti fi wọ ìlú mẹ́rìndínlógún! Ẹ̀wù tí àwọn ọmọdé fi ń mọ̀ ọ́n lókèèrè! “Ogún,” ni Elétí-Òkun wí lókè.

Ó fa apá kan ya. Ó fa ìkejì ya. Ó fi wé àwo kan, ó fi wé òmíràn, ó fa ẹ̀yìn rẹ̀ ya, ó tú ìrù ẹkùn, ó ká a sí ìsàlẹ̀ àwo tó kẹ́yìn. Ó ku igun kan. Ó bọ́ ṣòkòtò. Nígbà tí ó tẹ ìdérí pa, ìbàǹtẹ́ nìkan ni ó ṣẹ́ kù sí ìdí ọdẹ tó gba ọmọ lọ́wọ́ ẹkùn.

Ṣùgbọ́n àpótí fúnra wọn ti ń sún kọlu ara wọn. Ó dùbúlẹ̀ sáàárín wọn, ó fi ẹ̀yìn ti ìlà kan, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ìkejì, ó na ara tàn-án. “Àádọ́ta.” Ọkọ̀ gòkè, ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀. Èébì dé ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì. Ikọ́ dé, ó ń rìn ín lọ́fun bí kòkòrò. Ó di eyín, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó rántí pé òun ti dùbúlẹ̀ rí lẹ́bàá omi láti ìyálẹ̀ta di ìrọ̀lẹ́ nítorí àgbọ̀nrín kan, tí labalábá fi sùn sí imú òun. Èyí kì í ṣe irọ́. Èmi náà wà níbẹ̀. Ó mí díẹ̀díẹ̀. Kò jẹ́ kí iṣan kan mì. “Àádọ́rùn-ún.” Itan rẹ̀ ń gbóná bí iná. Kò yẹ̀.

“Ọgọ́rùn-ún,” ni Elétí-Òkun wí. Ó tẹ́tí sí i. “N kò gbọ́ ẹkún mọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dún níbẹ̀: kì, kì, kì.”

“Àyà baba ọdẹ ni, ìyá mi,” ni Omíyalé dáhùn.

“Kí ló ń bà á lẹ́rù? Ṣebí òun ni ó gun erinmi, tí ó ń jẹ gúgúrú?” Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, omi fi ẹ̀rín náà ṣe ìgbì, ó ti ọkọ̀ síwájú. “Ẹ sọ fún un pé mo máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.” Ó rì, ó lọ.

Ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Ìkángun-Omi, níbi tí wọ́n ti ń fi iyọ̀ kọ́ ilé. Òjò kì í rọ̀ níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ògiri má baà wó. Wọ́n péjọ sí ẹnubodè láti wo ẹni tó kó àwo wá. Omíyalé ti yá ọ̀gá mi ní ìró kan, olódòdó pupa. Ó ró o, ó sì fi ẹsẹ̀ wúwo rìn jáde bí ọkùnrin.

“Ọdẹ ni wọ́n ní ó ń bọ̀,” ni obìnrin kan sọ wẹ́lẹ́. “Àbí ìyàwó ni wọ́n mú wá fún wa?”

Ìyálọ́jà wọn, Arínlàdé, ni ó ń dúró dè é. Arúgbó ni, orí rẹ̀ funfun bí ilé rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

“A kì í ṣí àpótí níbí kí ẹni tó gbé e wá tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹnu rẹ bá yàtọ̀ sí àpótí, òkun ni a ó da gbogbo rẹ̀ sí. Mélòó ni wọ́n kó lé ọ lọ́wọ́?”

“Òjìlénígba, ìyá mi.”

“Mélòó ni ó pé?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ahọ́n ọ̀gá mi kò kọ́ láti dín nǹkan kù rí. Ẹtu kan tó bá pa nínú igbó, bí ó bá fi dé ẹnu ọ̀nà, ó ti di mẹ́rin. “Gbogbo rẹ̀” ti dúró sẹ́nu rẹ̀, ó ti wọ bàtà, ó fẹ́ jáde. Bí ó bá sọ òtítọ́, ta ni ó mọ̀ bóyá wọn kò ní lé òun padà? Ó tún rántí ojú Ìbídùn lọ́jọ́ tí kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Ó tú àkísà, ó kó àfọ́kù sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ arúgbó náà.

“Méje ti fọ́,” ni ó wí. “Kì í ṣe òkun ni ó fọ́ ọ, kì í ṣe alábàárù. Èmi ni n kò fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí mo kọ, ìyàwó mi sì kìlọ̀ fún mi. Ó yẹ kí ó ku igba ó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti wọ òkun, n kò rí inú àpótí mọ́kànlá yòókù. Èyí tí omi bá fọ́ níbẹ̀, n kò mọ̀.”

Arínlàdé mú àfọ́kù kan, ó yí i wò.

“Ó dára,” ni ó wí. “Jẹ́ kí a jọ mọ̀ ọ́n.”

Wọ́n ṣí àpótí. Arínlàdé ń gbé àwo ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi èékánná ta á, gan-in, ó ń gbé e sílẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí èékánná bá gbéra, èémí ọ̀gá mi á dúró. Bí àwo bá dún, á padà. Ó di ọgọ́rùn-ún. Ó di igba. Àpótí ìkẹyìn ni ti ẹ̀wù. Nígbà tí wọ́n fa ìrù ẹkùn jáde nínú rẹ̀, àwọn tó wà níwájú sá, wọ́n gbàgbé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n pariwo, ilé kan sì wó díẹ̀ létí. Mẹ́tàlá ni ó wà nínú rẹ̀. Gan-in, títí dé ìkẹtàlá. Igba ó lé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Arínlàdé gbé àwo ìkẹyìn lé orí itan. “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn atukọ̀ tó gbé e wá dúró síbi tí o dúró sí yìí, tí wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ló pé, àfọ́kù sì ń mì nínú àpótí wọn. Ẹni tó bá lè ka èyí tó fọ́ fún mi ni mo lè bá ṣòwò nínú èyí tí kò fọ́. Sọ fún ẹni tó mọ àwo wọ̀nyí pé kí ó máa mọ ọ́n lọ. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ojú wa yóò máa wà lójú omi.”

Wọ́n tẹ́ ẹní. Wọ́n bu ẹja àti omi ọbẹ̀ sínú ọ̀kan nínú àwo náà, wọ́n gbé e síwájú ọ̀gá mi, ọbẹ̀ ń ru èéfín. Láti ìgbà tí ó ti wọ òkun, kò tíì sí oúnjẹ tó dúró nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan àwo. Ó dojú bolẹ̀, ó na ọrùn, ó ń fi ẹnu fa ọbẹ̀ láti ilẹ̀ bí ewúrẹ́.

Ẹ̀rín ta lẹ́nu gbogbo ìlú, Omíyalé di ìhà mú. Arínlàdé pàápàá rẹ́rìn-ín.

“Kí ló dé, baba ọdẹ?”

“Ìyá, mo bẹ̀ yín,” ni ó wí, ọbẹ̀ wà nímú rẹ̀. “Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ jẹ́ kí ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

Arúgbó náà dìde, ó wá kúnlẹ̀ tì í, ó mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gbé wọn lé etí àwo.

“Gbé e,” ni ó wí jẹ́jẹ́. “Ó ti dé.”

Ọ̀gá mi gbé àwo kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé e dé àyà, ó gbé e dé ẹnu. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn gba inú amọ̀ náà kọjá, ó sì rí òjìji ìka ara rẹ̀ ní òdìkejì. Ó mu ọbẹ̀ náà tán.

Ibẹ̀ ni n ó ti fi í sílẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ìbọn mi gbàgbé bí a ti ń dún; bí mo bá sì fo ibì kan, ẹ lọ bi Omíyalé léèrè, ó kúkú ń bẹ lójú omi.